Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Ni Kó Wa Ọkọ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ, pé ẹ ti san owó ọkọ̀ òfuurufú Trinidad, àti pé ìwọ lo fẹ́ háyà ọkọ̀ tí o máa fi gbé wọn rìn létí òkun. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Gbogbo ètò yòókù ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò wa ọkọ̀ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀nà etíkun àríwá erékùṣù náà kì í ṣe ọ̀nà tí àlejò fi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ìlú onílùú.

Apá òsì títì ni wọ́n ń wà ní Trinidad, sítíárì sì wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wọn títí di ọdún 1962 ṣe fi lélẹ̀. Nàìjíríà náà wà lórí ètò yìí títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ yí sí apá ọ̀tún. Ẹni tó bá ti ń wakọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ti darúgbó báyìí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó lóde òní, bó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa wá jíà lára ilẹ̀kùn. Bó bá sì fẹ́ wọ títì ńlá, ibi tí ọkọ̀ kò ti ń bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yíjú sí. Láàárín ìgboro, èèyàn lè rọra fara da ìyẹn. Lórí ọ̀nà tí òkè ga lápá kan, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ já sínú òkun lápá kejì, àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Títì náà tóóró, kọ́nà rẹ̀ kò lóǹkà. Awakọ̀ tó mọ ibẹ̀ dáadáa á ti tẹ fèrè kó tó dé kọ́nà tí kò rí ìdí rẹ̀, á dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, á tẹ́tí kó gbọ́ bóyá ẹnì kan dá a lóhùn, kó tó wá yí. Lásìkò òjò, láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a máa ya láti orí òkè bọ́ sórí títì, ará àdúgbò ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ya. Oṣù Kejì tí ẹ yàn dára, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà láti oṣù Kìn-ín-ní wọ oṣù Karùn-ún.

Ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Nígbà kan rí, àwọn apẹja tó ń gbé etíkun àríwá kò ní títì kankan: ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gba orí òkè kọjá. Lọ́dún 1940, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ogun ojú omi 50 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ilẹ̀ ní àwọn erékùṣù wọn yá Amẹ́ríkà fún ọdún 99 láti fi ṣe ibùdó ogun. Chaguaramas wà nínú ilẹ̀ náà, níwọ̀ oòrùn olú-ìlú Port of Spain, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń lọ wẹ̀ lókun. Amẹ́ríkà ti ibẹ̀ pa mọ́ wọn. Láti fi rọ́pò ohun tí wọ́n gbà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà la títì gba orí òkè lọ sí etíkun Maracas. Ọ̀rọ̀ Chaguaramas kò tán síbẹ̀ o: ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1960, Dókítà Eric Williams, olórí ìjọba Trinidad nígbà náà, kó èrò rẹpẹtẹ jáde nínú òjò pé kí wọ́n dá ilẹ̀ àwọn padà, wọ́n sì rí i gbà nígbẹ̀yìn. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbádùn ọ̀nà náà mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn èèyàn ni wọ́n fi san án.

Wàyí o, ta ni kó wa ọkọ̀? Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ gba ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló gbé. Ó wọ́n ju ọkọ̀ èrò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò gba kí wọ́n máa gun òkè sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò máa kánjú lé wọn padà sínú ọkọ̀ nítorí pé èrò mẹ́jọ mìíràn ń dúró. Ìwọ náà á sì ráyè fojú rí òkun. Ẹni tó wà nídìí sítíárì lórí ọ̀nà yẹn kì í rí i. Títì nìkan ló ń wò.

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ ní Trinidad máa ń fi iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe hàn. H ni ti ọkọ̀ tó gbàṣẹ láti gbé èrò. R ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ń fi háyà fún ẹni tó máa wà á fúnra rẹ̀. P ni ti ọkọ̀ ara ẹni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ P ló ń gbé èrò láìgbàṣẹ, PH ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ará ìlú a sì máa wọ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Fún ẹni tó mọ awakọ̀ tó sì mọ àdúgbò, kò burú. Àlejò tó gbé ìyá rẹ̀ dání kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ara ẹni lè má mọ èrò tó sanwó sí. H ni kí ẹ wá. Ẹ ní kí ẹni tó ni ilé tí ẹ máa dé sí bá yín wá awakọ̀ tó ti gbé òun fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ rí.

Ẹ ná owó tán kí ẹ tó wọlé sọ́kọ̀. Ẹ bèèrè bóyá iye tó pè jẹ́ ti ọkọ̀ tàbí ti orí kọ̀ọ̀kan, bóyá dọ́là Trinidad ni tàbí ti Amẹ́ríkà, wákàtí mélòó ni, àti bóyá epo ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí àti ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà padà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ ra oúnjẹ fún un. Iyàn jíjà lórí owó lálẹ́, nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn, ló ń ba ọjọ́ tó dùn jẹ́.

Láti Port of Spain, ọkọ̀ á gba Maraval, á bọ́ sí Saddle Road, títí tí ẹ ó fi rí òpó òkúta méjì. Ibẹ̀ ni gígun òkè ti bẹ̀rẹ̀. Lókè pátápátá, ibì kan wà tí wọ́n ṣe fún dídúró wo òkun, àwọn ìyá àtọmọ tó ń tajà sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní chow. Obìnrin náà á gé ọ̀pẹ̀yìnbó tàbí máńgòrò sí wẹ́wẹ́, á da iyọ̀ àti ata gígún sí i, á fi aáyù díẹ̀ àti ewé olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní chadon beni tí ó gé wínníwínní sí i, á wá pò ó títí omi èso yóò fi yọ. Ata rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ ẹ.

Bí títì bá ṣí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ló gbà láti Port of Spain dé Maracas. Etíkun náà tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òkè yí i ká, igi àgbọn sì tò sí i lẹ́bàá. Oúnjẹ ibẹ̀ tó lókìkí jù ni bake and shark: wọ́n á tẹ ìyẹ̀fun pípò pẹrẹsẹ, wọ́n á dín in nínú epo títí yóò fi wú, wọ́n á là á, wọ́n á ki ẹja ekurá díndín bọ inú rẹ̀. Ẹni tó rà á ló máa fúnra rẹ̀ bu ọbẹ̀ àjàgbọn, ti aáyù àti ata lé e lórí. Èrò tèmi lórí ẹja yẹn kò pamọ́: ekurá kì í tètè dàgbà, ọmọ tó ń bí kò pọ̀, wọ́n sì ti pa á ní àpajù káàkiri ayé. Àwọn kan lára ilé oúnjẹ etíkun náà ń fi irú ẹja mìíràn ṣe é. Ẹ bèèrè fún ìyẹn. Adùn rẹ̀ kò dín.

Omi Maracas lágbára. Àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ etíkun a máa ri àsíá tó ní àwọ̀ pupa àti ìyeyè mọ́ ibi tó ṣeé wẹ̀. Àárín àsíá méjì ni kí ẹ wà. Bó bá jẹ́ àsíá pupa nìkan ni wọ́n rì, ẹ má wọ omi rárá. Ìgbì a máa fa ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa kúrò létí bèbè, ẹni tó bá sì ń bá a jìjàkadì ló máa ń rẹ̀. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú, nítorí lẹ́yìn Kàníwáàlì ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, Maracas ni gbogbo ìlú máa ń yà sí láti sinmi. Ẹ ó kàn jókòó sínú gó-síló ni.

Lẹ́yìn Maracas ni títì wá dákẹ́. Ẹ ó kan etíkun Las Cuevas. Iyanrìn rẹ̀ gbòòrò, èrò kò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kòkòrò wẹ́ẹ́wẹ́ tó ń gbé inú iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ọ̀sán lọ. Títì á gbé yín dé Blanchisseuse, abúlé apẹja tí odò Marianne ti ń ṣàn wọ òkun. Kò pẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ tí títì fi parí. Láti ibẹ̀ títí dé Matelot, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, inú igbó àti etí òkun, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń kọjá.

Ẹ lè padà lọ́nà tí ẹ gbà wá, tàbí kí awakọ̀ gba ojú ọ̀nà Arima tó la àárín òkè kọjá. Igbó ni lọ́tùn-ún lósì, títì rẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lójú ọ̀nà náà ni Asa Wright Nature Centre wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 lórí oko kòkó àti kọfí àtijọ́. Inú ihò àpáta kan níbẹ̀ ni ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní oilbird ń gbé. Òru ló ń jáde jẹ èso, ìró ohùn ara rẹ̀ tó ń gbá padà ló fi ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń gbàlejò lọ́jọ́ náà. Ìrìn dé ihò yẹn kò bá orúnkún ẹ̀gbọ́n mi mu. Ìwọ nìkan ni kó lọ.

Ẹ má torí ìjàpá òkun ńlá gba ọ̀nà yìí. Matura àti Grande Riviere ni èyí tó ń wá yé ẹyin sí iyanrìn ti pọ̀ jù, ní apá ìlà oòrùn, ọ̀nà ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹjọ, èèyàn kò gbọdọ̀ dé etíkun wọ̀nyẹn láìgbàwé àṣẹ. Ní Matura, àwọn ará abúlé tó dá Nature Seekers sílẹ̀ lọ́dún 1990 ló ń mú àlejò lọ lóru, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ẹran náà jẹ tẹ́lẹ̀. Oṣù Kejì tí ẹ ń lọ kò sí nínú àsìkò náà, ẹ ya ìrìn àjò mìíràn sọ́tọ̀ fún ìyẹn. Ẹ má dì í mọ́ èyí.

Ohun kan kù tó kan wa. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1838, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú láti Freetown àti Saint Helena lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad láti ọdún 1841, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ wọn ṣì ń bọ Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja níbẹ̀. Nígbà tí òfin de ìjọ Shouter Baptist láti 1917 títí di 1951, àwọn olórìṣà náà jìyà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé bẹ̀ wọ́n wò ní 1988, nígbà tó sì di 1999, òfin gbà kí wọ́n máa so tọkọtaya pọ̀ nílànà tiwọn. Bí ẹ bá rí agboolé tí wọ́n ri ọ̀pá oparun aláṣọ oríṣiríṣi sí, tàbí tí ẹ bá bá àwọn aláṣọ funfun létí odò, ẹ má na fóònù sí wọn. Ẹ kí wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Àwọn tó wà lábúlé etíkun kò jókòó síbẹ̀ fún fọ́tò. Ilé wọn ni.

Bèèrè iye tí awakọ̀ náà máa gbà fún ọjọ́ kan, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fún un ní kọ́bọ̀. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn orúnkún wọn sílé.

Èmi ni Àǹtí rẹ.