Ìdánwò Kan Kò Tó Láti Fi Wọn Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, lálẹ́ àná ní Mushin, mo rí ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó ń kàwé JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi bírò pupa kọ 300, máàkì tó ń lépa, gàdàgbà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Inú mi dùn, àyà mi sì já.

Mi ò bá àjọ JAMB jà o. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gba ọmọ tirẹ̀. Ẹnìkan a rí ààyè méjì, ẹlòmíì a pòfo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń ṣe ìdánwò a máa ṣìṣe. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, sunkún ní gbangba: àṣìṣe ti ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́, ó lé ní 206,000 nínú wọn tó jẹ́ ti Èkó. JAMB ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò náà ṣe. Ká ní kò sẹ́ni tó pariwo ńkọ́?

UNILAG, Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka, ò fi gbogbo ìgbaniwọlé rẹ̀ lé JAMB lọ́wọ́: nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, 50 lórí JAMB, 30 lórí ìdánwò tiwọn, 20 lórí WAEC, ìdánwò àṣejáde girama. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju máàkì kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, ẹ má fi WAEC ṣeré. Bí Akọka ò bá sì gbà yín lọ́dún yìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yabatech tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 ò jìnnà sílé.