Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Kíkọ́ àti Títọ́jú Àká Wáìnì Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí òwe yìí ṣe bá ènìyàn mu ni ó bá ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ mu: orúkọ tí nǹkan bá ń jẹ́ ni yóò máa darí ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Bí orúkọ náà bá ṣi ọ̀nà, ọwọ́ yóò ṣi iṣẹ́.

Kíkọ́ yàrá ìpamọ́ wáìnì sínú ilé gbígbé jẹ́ iṣẹ́ kan tí àwọn onílé ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Ó dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ooru, ìmọ̀ kẹ́mísírì, ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó pàdé nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó jẹ́ pápá tí ó dára fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè láti fi dán ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara ibi tí nǹkan wà máa ń ṣini lọ́nà bí ibi náà bá yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kì í dani bí ó ti wù kí a gbé e jìnnà tó.

2. Ìdí tí wáìnì fi nílò ìpamọ́

Omi èso àjàrà tí ìwúkàrà ti sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí ni wáìnì. Ẹmu náà gba ọ̀nà yìí kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàrin àwọn méjèèjì. Láti inú akèrègbè tí ó wà lórí ọ̀pẹ ni ìwúkàrà ti ń ṣiṣẹ́ lára ẹmu, kò sì ní í dáwọ́ dúró títí ẹmu yóò fi kan. Ní ti wáìnì, a máa ń dúró títí ìwúkàrà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, a ó yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò, a ó sì dí i pa sínú ìgò kí afẹ́fẹ́ má baà tó o. Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wáìnì ní ọdún 1866. Ó fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ba wáìnì jẹ́, àti pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ní ipa tí ó ń kó nínú bí wáìnì ṣe ń yí padà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Wáìnì lè gbó, ó sì lè kan. Gbígbó ni ìyípadà díẹ̀díẹ̀ tí ó ń mú kí adùn rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Kíkan ni ìyípadà tí ó ń sọ ọ́ di ọtí kíkan tí kò ṣe é mu mọ́. Púpọ̀ nínú wáìnì ni a ṣe fún mímu láàrin ọdún díẹ̀. Ìwọ̀nba ni èyí tí ó lè gbó fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí irú èyí ni a ṣe ń kọ́ yàrá ìpamọ́.

Ohun mẹ́rin ni ọ̀tá wáìnì inú ìgò. Èkíní ni ooru, nítorí pé bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni ìyípadà inú ìgò ń yára sí i. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀, pàápàá ìtànṣán oòrùn; ìdí nìyí tí ìgò wáìnì púpọ̀ fi máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gbẹlẹ̀ inú afẹ́fẹ́, èyí tí ó lè mú kí kọ́ọ̀kì gbẹ kí ó sì súnkì. Ẹ̀kẹrin ni ìgbọ̀nrìrì tí kò dáwọ́ dúró, irú èyí tí ń ti ara ẹ̀rọ wá, tí ó ń ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè. Ìwọ̀n ìgbóná tí a fara mọ́ jù lọ ni 12°C sí 14°C. Ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n náà dúró lójú kan ṣe pàtàkì ju kí ó jẹ́ 12 tàbí 14 gan-an lọ.

3. Àjà ilẹ̀ ni, tàbí àká?

Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn atúmọ̀ èdè fún yàrá yìí ni àjà ilẹ̀, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ti ń tọ́jú wáìnì láti ìgbà pípẹ́. Ní ìlú Reims ní ilẹ̀ Faransé, inú àwọn kòtò jíjìn tí a ti wa ẹfun jáde ni àwọn tí ń ṣe wáìnì Champagne ń kó ìgò wọn pamọ́ sí. Ìwọ̀n ìgbóná ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 10°C sí 12°C lọ, ìbáà ṣe ìgbà òtútù, ìbáà ṣe ìgbà ooru.

Kí ni ó fà á? Kì í ṣe pé òtútù ni ìṣẹ̀dá abẹ́ ilẹ̀. Ooru ọ̀sán àti òtútù òru kì í wọ inú ilẹ̀ ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Bí a bá sì wa ilẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ láàrin ìgbà ooru àti ìgbà òtútù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ohun tí ó kù ni ìpíndọ́gba ìwọ̀n ìgbóná ọdún ní àdúgbò náà. Ẹ̀rí èyí wà ní Párísì. Ní ọdún 1783, Cassini, ẹni kẹrin nínú ìdílé onímọ̀ ìràwọ̀ náà, gbé òṣùwọ̀n ìgbóná kan tí Lavoisier ṣe sínú àjà ilẹ̀ ilé ìwòràwọ̀ ìlú náà, ní ìsàlẹ̀ nǹkan bíi mítà 28. Ìwọ̀n tí ó ń fi hàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ó dúró sí ibi tí kò tó 12°C díẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n ìgbóná ọdún ní Ìbàdàn tó nǹkan bíi 26°C sí 27°C. Bí onílé kan níbẹ̀ bá ka ìwé tí ó pe yàrá yìí ní àjà ilẹ̀, tí ó sì náwó nára láti wa ilẹ̀ jìn, inú kòtò tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ fi ìlọ́po méjì ju ti Reims lọ ni yóò kó wáìnì rẹ̀ sí. Ìwọ̀n náà yóò dúró lójú kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tí kò yẹ ni yóò dúró sí. Òùngbẹ́ kò ṣẹ̀. Orúkọ ni ó ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni àká. Àká ni Yorùbá ń pe ilé tí a ń kó irè oko pamọ́ sí kí ó má baà bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sọ iṣẹ́ yàrá, kò sọ ibi tí yàrá wà. Àká wáìnì lè wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Reims, ó sì lè wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ní yàrá ẹ̀yìn ní Ìbàdàn. A lè wá fi àjà ilẹ̀ sílẹ̀ fún yàrá abẹ́ ilẹ̀ nìkan, ohun yòówù tí ó wà nínú rẹ̀.

4. Ògiri àká

Ohun méjì ni ògiri àká gbọ́dọ̀ dá dúró: ooru àti ọ̀rinrin. Kì í ṣe nǹkan kan náà ni ó ń dá àwọn méjèèjì dúró, èyí sì ni kò yẹ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dúró fún wọn.

Adènà ooru ni fóòmù líle tàbí òwú onídígí tí a ń tẹ́ sínú ògiri, òrùlé àti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ìbora ògiri, ṣùgbọ́n ìbora ń mú ọkàn lọ sí ohun tí ń móoru, bẹ́ẹ̀ òtútù ni a fẹ́ pa mọ́ níhìn-ín.

Adènà ọ̀rinrin ni ọ̀rá nípọnnípọn, tí ó tó nǹkan bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan, tí a ń ta yí ògiri ká láìsí àlàfo. Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ fún omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ láìfojúrí. Èéfín kò bá a mu, nítorí pé ti iná ni èéfín. Ìkùukùu kò bá a mu, nítorí pé à ń rí ìkùukùu. Omi àìrí ni a dábàá. Afẹ́fẹ́ tí ó wà ní 30°C, tí ìdá ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bíi gíráàmù 23 omi àìrí nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Ṣùgbọ́n ní 13°C, afẹ́fẹ́ kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí bá kan ohun tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́ kù yóò di omi tí a ń rí. Ìdí nìyí tí ìgò omi tútù tí a gbé kalẹ̀ lórí tábìlì fi ń làágùn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tẹ́lẹ̀: ìrì ni ó sẹ̀. Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti lè ṣẹ̀dá ìsẹ̀rì, kí a sì pe ìwọ̀n ìgbóná tí ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ ní ojú ìsẹ̀rì. Ojú ìsẹ̀rì afẹ́fẹ́ tí a ń sọ yìí jẹ́ nǹkan bíi 25°C.

Níhìn-ín ni ewu tí ó tóbi jù lọ wà fún atúmọ̀ èdè. Ní orílẹ̀-èdè olótùútù bí Kánádà, inú ilé ni ó ń móoru, nítorí náà àwọn kọ́lékọ́lé máa ń ta adènà ọ̀rinrin sí apá inú ògiri ilé. Ẹni tí ó bá ka èyí, tí ó sì kọ ọ́ fún oníàká pé kí ó ta ọ̀rá sí apá inú, ti ba àká jẹ́. Nínú àká, inú ni ó tutù, ìta ni ó gbóná. Omi àìrí yóò gba ara òwú onídígí wọlé, yóò kan ọ̀rá tútù, ìrì yóò sì sẹ̀ sáàrin ògiri níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó. Òwú tí ó ti rin kò lè dènà ooru mọ́. Igi inú ògiri yóò rà, èbu yóò sì bo ibẹ̀.

Inú àti ìta kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ìlànà yìí. Ojú ooru àti ojú òtútù ni a dábàá. Ojú ooru ni apá ògiri tí ó kọjú sí ibi tí ó gbóná jù. Ojú òtútù ni apá kejì. Ìlànà náà á wá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó tọ́ ní Kánádà, tí ó sì tọ́ ní Ìbàdàn: ojú ooru ni kí a ta adènà ọ̀rinrin sí.

5. Ẹ̀rọ àti ohun èlò

Níbi tí ilẹ̀ kò bá ti lè mú àká tutù, ẹ̀rọ ni yóò ṣe é. Yorùbá ti ní amúlétutù, èyí tí ó wá láti inú a + mú + ilé + tutù. Ìlànà kan náà ni yóò fún wa ní amákàátutù. Kì í ṣe àṣejù láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. A kò ṣe amúlétutù lásán láti mú yàrá lọ sílẹ̀ dé 13°C, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin jáde púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Amákàátutù ń mú yàrá tutù díẹ̀díẹ̀ láìgbẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jù. Ooru tí amákàátutù bá fà jáde gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò gbà lọ. Bí ó bá tún padà sínú àká, asán ni iṣẹ́ náà.

Pẹpẹ ìgò gbọ́dọ̀ lágbára. Ìgò kan tí ó kún lè wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgò yóò wọn tó kìlógíráàmù 650. Ìbúlẹ̀ ni a ń to ìgò oníkọ́ọ̀kì, kí wáìnì lè máa rin kọ́ọ̀kì. Èèpo igi óákù kan ni kọ́ọ̀kì, ilẹ̀ Potogí ni ó sì ti ń wá jù lọ. Ìgò tí ó ní ìdérí onírin tí a ń yí kò nílò ìbúlẹ̀.

6. Ìtọ́jú

Àká tí a kò tọ́jú kò sàn ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú náà nìyí:

(a) Kí òṣùwọ̀n ìgbóná wà nínú ìgò omi kan láàrin àwọn ìgò yòókù, nítorí pé ìwọ̀n ìgbóná omi ni ó jọ ti wáìnì. Ti afẹ́fẹ́ a máa yí padà bí a bá ti ṣílẹ̀kùn.

(b) Kí òṣùwọ̀n ọ̀rinrin máa fi nǹkan bíi ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún hàn. Bí ó bá kéré jù, kọ́ọ̀kì lè gbẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, ìwé ara ìgò yóò hu èbu.

(d) Kí a máa yẹ rọ́bà etí ilẹ̀kùn wò, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń yọ́ gbà wọlé.

(e) Kí a máa wo àlàfo ọrùn ìgò. Bí wáìnì bá ń fà sílẹ̀ lọ́rùn ìgò kan, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ń jò; kí a tètè mu ún.

(ẹ) Kí ìwé àkọsílẹ̀ wà fún orúkọ wáìnì, ọdún ìkórè àjàrà rẹ̀, àti ọdún tí ó yẹ kí a ṣí i.

(f) Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, adènà ooru nípọnnípọn ni ìgbẹ́kẹ̀lé àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni yóò fa òtútù gùn títí iná yóò fi dé.

7. Àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àká wáìnì: yàrá tí a ń tọ́jú wáìnì sí kí ó lè gbó láìbàjẹ́.
Adènà ooru: ohun tí kì í jẹ́ kí ooru gba ara ògiri kọjá kíákíá.
Adènà ọ̀rinrin: ohun tí kì í jẹ́ kí omi àìrí gba ara ògiri kọjá.
Omi àìrí: omi tí ó ti di ara afẹ́fẹ́.
Ìdá ọ̀rinrin: omi àìrí inú afẹ́fẹ́, bí a bá fi wé gbogbo èyí tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà.
Ìsẹ̀rì: dídi omi tí a ń rí tí omi àìrí ń di lára ohun tútù.
Ojú ìsẹ̀rì: ìwọ̀n ìgbóná tí ìsẹ̀rì ti ń bẹ̀rẹ̀.
Ojú ooru, ojú òtútù: apá ògiri tí ó kọjú sí ibi gbígbóná, àti èyí tí ó kọjú sí ibi tútù.
Amákàátutù: ẹ̀rọ tí ń mú àká tutù láìgbẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jù.
Àlàfo ọrùn ìgò: àyè tí ó wà láàrin kọ́ọ̀kì àti wáìnì.

8. Àgbálọgbábọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò mọ sórí wáìnì nìkan. Ìsẹ̀rì, omi àìrí, ojú ooru àti adènà ọ̀rinrin ni ẹni tí ń kọ́ yàrá ìpamọ́ oògùn, ẹran tútù tàbí èso yóò nílò pẹ̀lú. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì lè fi ìgò omi tútù kan ṣoṣo kọ́ mẹ́ta nínú wọn lójú kíláàsì. Kí atúmọ̀ èdè tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: iṣẹ́ wo ni nǹkan yìí ń ṣe, ṣé yóò sì máa ṣe é bí a bá gbé e kúrò níbi tí a ti kọ́kọ́ rí i? Ọ̀rọ̀ tí ó bá yege ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a fi lé kọ́lékọ́lé lọ́wọ́.