Mọ́tò Dísẹ́ẹ̀lì Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì

Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ ọ́ìlì rárá. Tuntun ń jẹ díẹ̀, èyí tó ti gbó ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń da onímọ́tò láàmú ni kó jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló da odindi lítà kan sí i, kí gééjì sì tún ti gbẹ. Mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti sin ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi ní Antwerp tàbí ibòmíràn, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kútọnu.

Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Á ní kí ẹ ṣíná. Á ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, èéfín á rú jáde, á mi orí.

“Alàgbà, ríìngì ti lọ. A máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni.”

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ẹ ti yẹ ibòmíràn wò ná?”

“Ibòmíràn wo, Alàgbà? Ṣebí ẹ̀yin náà ń wo èéfín yìí.”

Òótọ́ ni pé ríìngì tó ti jẹ máa ń mú kí èéfín rú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tó ti rìn jìnnà, tí ara rẹ̀ ṣì le, náà máa ń rú díẹ̀. Èéfín ibẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí tí a ó fi náwó títú ẹ́ńjìnnì, owó tó lè gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù mélòó kan.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ pa á, kí ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì lè sọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ fi àkísà mímọ́ nù ún, ẹ tì í padà wọlé títí dé ìdí, kí ẹ tún wá fà á yọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ kà. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ́ìlì kò gbọdọ̀ kọjá ti òkè, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, nǹkan bíi lítà kan ló wà láàárín méjèèjì.

Àwọn kan gbà pé bí ọ́ìlì bá kọjá àmì òkè, ẹ́ńjìnnì á tún gbádùn sí i. Rárá o. Ọpá kírànkì tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lu ọ́ìlì náà, á ru fóòmù, á gba ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọ inú sílíńdà, á sì jóná níbẹ̀. Onímọ́tò á wá máa pariwo pé ọkọ̀ òun ń jẹ ọ́ìlì, òun fúnra rẹ̀ ló sì bọ́ ọ yó jù.

Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ fi sínú ọkọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ ó máa kọ sí i: déètì, nọ́ńbà kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, àti iye ọ́ìlì tí ẹ dà. Ká ní nọ́ńbà náà jẹ́ 184,200 nígbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì tí ẹ sì kún un dé àmì òkè. Nígbà tó fi di 185,700, lítà 2 ni ẹ ti dà kí ó tó padà sí àmì yẹn. Ẹ yọ èyí àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì:

185,700 – 184,200 = 1,500

Lítà 2 ní kìlómítà 1,500 nìyẹn. Bí ẹ bá fi 1.5 pín 2, ẹ ó rí 1.3. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ náà ń jẹ lítà kan àti díẹ̀ lé ní gbogbo kìlómítà 1,000. Ẹni tó bá lọ sí Èkó láti Ìbàdàn tó sì padà lẹ́ẹ̀mẹrin ti rin nǹkan bíi kìlómítà 1,000.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló kọ ọ́ sínú ìwé tó bá ọkọ̀ wọn wá pé láti ìdajì lítà dé lítà kan ní kìlómítà 1,000 kì í ṣe àìsàn. Lójú tèmi, lítà kan ti pọ̀; ó dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà dá àwọn oníbàárà tó fẹ́ ṣẹjọ́ lóhùn ni. Síbẹ̀, ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ má baà torí ìdajì lítà sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ohun kan wà tó burú ju kí ọ́ìlì máa dínkù: kó máa pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan dà á. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù láti bí ọdún 2009 síwájú sábà máa ń ní asẹ́ kan lójú ọ̀nà èéfín tó ń gba èérí dúdú sílẹ̀. Bí asẹ́ náà bá kún, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fọ́n dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i sínú sílíńdà kí asẹ́ náà lè gbóná, kí èérí náà jóná dànù. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iṣẹ́ yìí kì í parí. Dísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù á gba ara sílíńdà ṣàn sínú ọ́ìlì, á sì là á. Ẹ gbé gééjì símú. Bí ó bá ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lọ́jọ́ yẹn. Bí ọ́ìlì bá sì funfun tó ki, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n fà á.

Ṣé ó ń jò ni àbí ó ń jóná?

Ọ̀nà méjì péré ni ọ́ìlì ń gbà lọ. Ẹ wo jíjò ná, nítorí owó rẹ̀ kì í pọ̀.

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì lálẹ́, kí ẹ wo ibi tí ọ́ìlì kán sí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí páálí bá gbẹ, ẹ má tíì sọ pé kò jò. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń jò, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì ti fẹ́ ẹ sẹ́yìn kí ó tó kán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì mọ́, kí ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá wo ibi tí ó ti kọ́kọ́ tutù. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ńpù tí wọ́n ti fún ní àfúnjù. Ó lè jẹ́ rọ́bà fílítà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì gbé tuntun lé e lórí. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù, tàbí síìlì iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ọpá kírànkì.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Bíréèkì mọ́tò bẹntiróòlù ń rí ìrànlọ́wọ́ láti inú ìfà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní ìfà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fún un ní páńpù kékeré kan fún iṣẹ́ yẹn. Lára ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní Japan, ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ ni páńpù yìí wà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń lò. Bí síìlì rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ọ́ìlì á máa ya wọ inú ọ́tánétọ̀, á pò mọ́ eruku, bátìrì kò sì ní í gba iná dáadáa mọ́. Riwáyà á gbowó, á tún ọ́tánétọ̀ ṣe, kò ní pẹ́ á tún dákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, mẹkáníìkì á máa sọ̀rọ̀ ríìngì. Síìlì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló sì fa ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Inú sílíńdà

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló dá irú ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀. Ní 1897 ni ó fi èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa han aráyé ní ìlú Augsburg. Kò ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ẹni tó bá ti fi páńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí páńpù ṣe ń gbóná, nítorí afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ pọ̀ lójijì a máa gbóná. Písítìnnì á tẹ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà pọ̀ títí yóò fi di ìdá kan nínú 16 tàbí 18 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí nọ́sù bá ti fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí i báyìí, iná ti sọ. Ríìngì ni òrùka irin tó yí písítìnnì ká tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà sá lọ. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà. Iṣẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni láti ha ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà padà sísàlẹ̀. Bí èyí bá lẹ̀ tàbí tó jẹ, ọ́ìlì á ṣẹ́kù sókè, á jóná pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo èéfín. Dúdú fi hàn pé dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í ṣe ti ọ́ìlì. Funfun lè jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná tàbí omi. Èyí tó ní àwọ̀ bíi ti aró díẹ̀ ni ti ọ́ìlì. Ìgbà tí ó ń jáde tún ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀ nìkan ló ń rú, tí ó sì ń mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, fáàfù síìlì ni kí ẹ fura sí. Bó bá ń rú ní gbogbo ìgbà, tó pọ̀ sí i lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù wúwo, tí ẹ́ńjìnnì kò lágbára mọ́, tí kì í tètè jí láàárọ̀, ẹjọ́ ríìngì ló sún mọ́ jù. Bí ẹ bá sì dúró pẹ́ nínú gòsílóò, tí ẹ wá tẹná, tí kùrukùru ńlá jáde lẹ́yìn, ẹ yẹ tọ́bò wò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ọpá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ́ìlì tín-ín-rín ló ń léfòó lé. Ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn tó sì pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀ ti jẹ́ kí ọ́ìlì ibẹ̀ gbẹ mọ́ irin gbígbóná. Ó yẹ kí ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kó tó pa á. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí wọ́n tú rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ jáde lára tọ́bò. Bí ọ́ìlì bá kàn lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá dá sílẹ̀ nínú rọ́bà, wàhálà wà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra tọ́bò o! Ẹ yẹ ihò ìmí ẹ́ńjìnnì wò ná, àti páìpù tí tọ́bò fi ń dá ọ́ìlì padà. Bí èyíkéyìí bá dí, ọ́ìlì á wá ọ̀nà mìíràn jáde, tọ́bò ló sì máa ń gbà. Ẹni tó ra tọ́bò láìnu ihò wọ̀nyí á tún padà wá ra òmíràn.

Ohun kan tún ni pé dísẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ ìmẹ́lẹ́. Awakọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láìpa á fún wákàtí mẹ́ta nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá rẹ̀ ń ba ríìngì jẹ́, nítorí iṣẹ́ kékeré kì í jẹ́ kí ríìngì fún mọ́ sílíńdà dáadáa. Ara sílíńdà á máa dán, èédú á sì mú ríìngì dúró sójú kan. Àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe mọ èyí dáadáa: jẹnẹrétọ̀ tó bá ń gbé gílóòbù díẹ̀ nìkan kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ọ́ìlì. Bí ríìngì bá lẹ̀ lásán ni, tí kò tíì jẹ, pípààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò kúkúrú, pẹ̀lú ìrìn ọ̀nà jíjìn tó gba agbára, lè tú u sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dán an wò kí a tó gbé sípánà.

Ọ́ìlì tí ẹ ó lò ńkọ́? Ẹ wo ara kẹ́ẹ̀gì, níbi tí wọ́n kọ API sí. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, bíi SN, ti bẹntiróòlù ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CI-4 tàbí CK-4, ti dísẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ wo èdìdì ìdérí dáadáa, nítorí àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì tí a ti lò, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì olórúkọ ńlá. Bí ẹ bá lo tiyín tán, ẹ gún un kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ní ti oògùn tó ki tí wọ́n ń tà pé ó ń dá jíjẹ ọ́ìlì dúró, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó lè dín èéfín kù títí ẹ ó fi ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn, kò wo nǹkan kan sàn.

Ewu kan ṣì kù. Dísẹ́ẹ̀lì lè fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo. Bí tọ́bò bá fọ́ lójijì, ẹ́ńjìnnì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, kó máa ké, kí èéfín bo àdúgbò, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ títí kó má kú. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ fi sí jíà 4 tàbí 5, kí ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì; á kú. Bí kò bá ní kílọ́ọ̀ṣì, pákó pẹlẹbẹ ni a fi ń dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a kì í fi ọwọ́ dí i. Bí ẹ kò bá rí i ṣe, ẹ kó èèyàn jìnnà sí i.

Wàyí o, bí ìwé kékeré yín bá fi hàn pé ọkọ̀ ń jẹ ìdajì lítà ní kìlómítà 1,000, tí kò rú èéfín, tó ń tètè jí láàárọ̀, ẹ máa ra ọ́ìlì kí ẹ máa wà á lọ. Bó bá kọjá lítà kan àtààbọ̀, tí kò jò, tí ihò ìmí mọ́, tí tọ́bò sì gbẹ, ẹ ní kí wọ́n wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá relẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mẹkáníìkì jàre. Kí ẹ tó ra ríìngì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn sílíńdà fúnra rẹ̀, nítorí ríìngì tuntun nínú sílíńdà tó ti jẹ owó dànù ni. Bó bá di pé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lẹ ó lọ rà ní ọjà Ládípọ̀ tàbí Aráròmí, ẹ má sanwó èyí tí wọn kò ṣíná sí lójú yín.