Kọ́lé, Kọ́ṣẹ́

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ tún un wò: "kọ́" méjèèjì, ohùn òkè kan náà ni. Ọ̀kan jẹ mọ́ ẹ̀kọ́, èkejì jẹ mọ́ ilé. Àwọn tó ń kọ́ ilé tà ló yẹ kó gbọ́ òwe yìí jù.

Ní Ungwan Boro níbí, ilé tuntun ò yéé yọ. Ṣùgbọ́n bi ẹni tó ń po kọnkéré pé kí ló dé tó fi ń da omi sí i tó bẹ́ẹ̀, á ní bí ọ̀gá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kọnkéré tó wọ́pọ̀ jù, símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta 4 ni. Bó bá ki, lébìrà á bu omi kún un kí ṣọ́bìrì lè rìn dáadáa. Àpọ̀jù omi yẹn, bó bá gbẹ tán, ihò wẹ́wẹ́ ló ń fi sílẹ̀ nínú kọnkéré, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Nígbà tí wọ́n bá dà á tán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rò pé oòrùn ló ń mú un le. Rárá o, omi ni. Ó yẹ kí wọ́n máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́ Kàdúná tó ń fa omi bí ẹni ń mutí. Ẹni tó mọ èyí ò ná ọ̀gá rẹ̀ ní àpò símẹ́ǹtì kan lé. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló ń mú kí wọ́n wó ògiri tún mọ.

Ní Èkó, tí onílé bá fẹ́ lẹ táìsì, ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Tógò ni ọ̀pọ̀ ń wá. Kì í ṣe oògùn, wọ́n kọ́ṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wà, owó wà, àwọn ọmọ tiwa jókòó.

Òfin àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Èyí tó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lè gbà tó ìdajì padà.

"Tí mo bá kọ́ ọ tán, ṣé kò ní sá lọ?" Àwọn kan á lọ lóòótọ́. João Baptista da Costa, ọ̀gá ọ̀mọlé láàárín àwọn Àgùdà, ló darí kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Sanusi Aka, ọmọ ilẹ̀ wa, bá a ṣiṣẹ́. Irú àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn ká, ilé alápẹẹrẹ Brazil sì dé ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ní ti bíríkìlà tiwa, ọmọ tó ti gba fírídọ́ọ̀mù ṣì ń jẹ́ ìpè ọ̀gá rẹ̀ tí iṣẹ́ ńlá bá dé, pàápàá bí ọ̀gá náà bá fún un ní kọ́bà àti okùn ìwọ̀n lọ́jọ́ tó ń lọ.