Ẹ̀rí Ta Ni A Ó Gbà Nípa Ọkọ̀?

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi owó rà, ó ṣòro láti rí èyí tí inú rẹ̀ fara sin tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ń ra iṣu lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò; ẹni tí ó ń ra aṣọ lè nà án sí oòrùn kí ó sì yẹ òwú rẹ̀ wò; ẹni tí ó ń ra ewúrẹ́ lè la ẹnu rẹ̀ kí ó sì ka eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ kò lè rí ohun tí ó ń ra ní ti gidi. Ọ̀dà tí ń dán ni ó ń rí, àga rírọ̀ ni ó ń jókòó lé. Ẹ́ńjìnnì, tí í ṣe ọkàn ọkọ̀ náà, wà ní títì pa nínú irin. Nítorí náà, ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ni olùrà gbọ́dọ̀ gbára lé. Ẹ̀rí ta ni ó yẹ kí ó gbà?

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó máa ń wà. Èkíní ni iléeṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Èkejì ni àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wa ọkọ̀ tuntun kí wọ́n sì ròyìn bí ó ti rí. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó ti fi owó ara wọn ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ti lò ó pẹ́. Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ẹnìkan péré nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò tíì gbọ́ ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀rí àwọn akọ̀wé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, iléeṣẹ́ General Motors ti Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde, wọ́n pè é ní Chevrolet Vega. Alumíníọ̀mù, irin fúyẹ́ tí a fi ń ṣe ìkòkò ìdáná, ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn kò sì fi irin líle tẹ́ inú àwọn ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Ọgbọ́n tuntun ni èyí, wọ́n sì polówó rẹ̀ bí ọgbọ́n tuntun. Ìwé ìròyìn Motor Trend, tí ọ̀pọ̀ olùfẹ́ ọkọ̀ ń kà ní Amẹ́ríkà, yan Vega ní Ọkọ̀ Ọdún fún 1971. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ní rìn? Àwọn ènìyàn rọ́ wá. Kí a tó dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà dúró ní 1977, iye tí a ti ṣe ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ohùn àwọn olùrà fi yí padà. Rédíétọ̀ ọkọ̀ náà kéré. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná jù, ara alumíníọ̀mù rẹ̀ a wọ́, omi tí ń mú un tutù a máa jò, ojú ihò písítìnì a ha, ọ́ìlì a sì máa bá epo jóná. Àwọn ọkọ̀ tí kò tíì dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ilé alágbẹ̀dẹ. Iléeṣẹ́ náà tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí ó fi ṣe ìlérí fún àwọn tí ó ra ti 1976 pé òun yóò tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì. Ṣùgbọ́n orúkọ Vega ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé irọ́ ni àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn náà pa. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n kọ. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n wà, wọ́n sì wò bí ó ti ń yí kọ̀rọ̀, bí bíréèkì rẹ̀ ti ń mú, bí epo tí ó ń jẹ ti mọ, àti bí ara rẹ̀ ti lẹ́wà tó. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìlera ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò tí ó wá síbi ìgbéyàwó lè sọ bí agbádá ọkọ ìyàwó ti wuyì tó. Ìyàwó tí ó bá a gbé fún ọdún mẹ́wàá ni ó lè sọ bí inú rẹ̀ ti rí. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ni ó ń yá akọ̀wé ní ọkọ̀ tí ó ń dán wò, owó ìpolówó ọjà láti ọwọ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń gbé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ọkọ̀ ró. Èyí kò sọ akọ̀wé di òpùrọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹun nílé ènìyàn kì í tètè sọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí àìsàn ẹ́ńjìnnì fi ń pẹ́ kí ó tó fojú hàn? Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ń yí lórí irin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí irin bá kan irin ní gbígbẹ, wọn yóò jẹ ara wọn run. Ọ́ìlì ni onílàjà wọn. Ó ń gba àwọn ihò tóóró kọjá nínú irin gígùn tí ń yí, èyí tí a ń pè ní kránkì, ó sì ń tẹ́ ara rẹ̀ sáàárín kránkì yìí àti àwọn awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bẹ́ríìnì. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò wọ̀nyí, ọ́ìlì kò ní tó, bẹ́ríìnì yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Oṣù lè gorí oṣù, kí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ má mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn mẹkáníìkì a ní ó ti ń nọ́ọ̀kì. Níkẹyìn, yóò gan pa lójú ọ̀nà.

Irú àìsàn yìí gan-an ni ó kọlu ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Hyundai àti Kia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Hyundai Sonata ti 2011 jáde, àwọn ìwé ìròyìn ọkọ̀ yìn ín, iléeṣẹ́ náà sì ń fi ìlérí àtúnṣe ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì polówó ọjà rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Hyundai pe nǹkan bí 470,000 Sonata ti 2011 àti 2012 padà fún àyẹ̀wò. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé, nígbà tí a ń gbẹ́ kránkì ní ilé iṣẹ́ wọn ní Alabama, èérún irin ṣẹ́kù sínú àwọn ihò ọ́ìlì. Èérún lásán ni, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ẹ́ńjìnnì kú lójijì ní títì tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń sáré lọ nínú ọkọ̀ kan náà.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Kim Gwang-ho, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Kòríà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Hyundai ju 20 ọdún lọ, gbà pé ohun tí iléeṣẹ́ òun sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà kò tó ohun tí wọ́n mọ̀. Ní 2016, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Washington, ó sì kó àwọn ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ààbò ọkọ̀ lójú pópó. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní oṣù kẹta 2017, Hyundai àti Kia tún pe ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan padà. Ní oṣù kọkànlá 2020, NHTSA kéde pé àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì pẹ́ jù kí wọ́n tó pe àwọn ọkọ̀ tí ó ju 1,600,000 lọ padà, àti pé àwọn ìròyìn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò péye. Owó ìtanràn tí a dá lé wọn lórí jẹ́ 210 mílíọ̀nù dọ́là lápapọ̀, tí a ka iye tí wọn yóò ná sórí ètò ààbò mọ́ ọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a fún Kim ní ẹ̀bùn tí ó lé ní 24 mílíọ̀nù dọ́là.

Ǹjẹ́ kí a wá sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo iléeṣẹ́ ọkọ̀? Rárá o. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún. Kò sí ẹni tí ó mọ ọkọ̀ tó ẹni tí ó ṣe é. Bí iléeṣẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ọ́ìlì báyìí ni kí a máa lò, àti pé iye máìlì báyìí ni kí a fi máa pààrọ̀ rẹ̀, kí olùrà tẹ̀ lé e bí òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ kan náà bá ń sọ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, ó ti bọ́ aṣọ olùkọ́, ó ti wọ ti ọlọ́jà. Kò sì sí ọlọ́jà tí í pe ẹ̀kọ tirẹ̀ ní kíkan. Kí iléeṣẹ́ jẹ́wọ́ àbùkù lè ná an ní owó ribiribi, bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ dọ́jà, ó kù tà; owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Kí a sì mọ ohun tí wáráńtì jẹ́. Ìlérí ni pé bí ó bá bàjẹ́ a ó tún un ṣe. Kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní í bàjẹ́.

Ẹ̀rí àwọn tí ó ti lo ọkọ̀ pẹ́ ni ó kù. Òun ni ó ní ọjọ́ orí nínú, ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú a máa pariwo. Ẹni tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ a dákẹ́. Ẹlòmíràn kò pààrọ̀ ọ́ìlì fún ọdún kan gbáko, síbẹ̀ iléeṣẹ́ ni yóò máa bú. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ẹnìkan ni a ń gbọ́, ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni. Èyí ni ẹgbẹ́ àwọn òǹrajà kan ní Amẹ́ríkà mọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1936, tí ń tẹ ìwé ìròyìn Consumer Reports. Wọn kì í gba owó ìpolówó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kankan. Wọ́n ń fi owó ara wọn ra ọkọ̀ tí wọ́n ń dán wò. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ohun tí ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ kálukú. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun pátápátá, ìfojúsọ́nà ni àwọn náà lè ṣe, nítorí pé kò tíì sí ẹni tí ó lò ó pẹ́.

Orúkọ rere pàápàá kò tó ẹ̀rí. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn Toyota nítorí pé ó ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2024, Toyota pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé èérún irin láti ìgbà tí a ń ṣe ẹ́ńjìnnì wọn lè ti ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Orúkọ kì í fọ ihò ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n kí a tún sọ èyí: iléeṣẹ́ tí ó bá tètè pe ọkọ̀ rẹ̀ padà yẹ fún ọ̀wọ̀ ju èyí tí ó dákẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń rìn ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Èbúté Èkó tàbí ti Kútọnu ni wọ́n gbà wọlé lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti lò wọ́n ní òkè òkun. Òfin Amẹ́ríkà tí ó ní kí a tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò bá wọn sọdá òkun. Ọkọ̀ kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní nọ́ńbà: lẹ́tà àti òǹkà 17, tí a lè rí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá wádìí lọ́dọ̀ NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò mọ̀, láìsan kọ́bọ̀, bí àtúnṣe tí a pè é padà fún bá ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á; kí wọ́n dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí wọ́n tẹ́tí sí i bí a bá ti tan án, kí wọ́n sì wò bóyá èérún irin wà nínú ọ́ìlì rẹ̀.

Ní kúkúrú, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùrà bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó ń bọ́ ọ? Ìgbà wo ni o ti mọ ọkọ̀ yìí? Àwọn mélòó ni wọ́n rí ohun tí o rí? Owó ọkọ̀ lè jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Ẹni tí ó sì fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, ìkòkò ilé rẹ̀ ni ó gbẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ìdí ìyìn lásán sanwó.

ÌBÉÈRÈ

1. Dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí a mẹ́nu bà, kí o sì sọ àléébù kan tí ó wà nínú ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
2. Kí ni ìdí tí ìyìn tí a fún Vega ní 1971 kò fi jẹ́ irọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dára?
3. Ṣàlàyé, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ, bí èérún irin kékeré ṣe lè pa ẹ́ńjìnnì.
4. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wáráńtì àti ẹ̀rí?
5. Báwo ni òwe náà, "Òótọ́ dọ́jà, ó kù tà", ṣe bá ẹ̀kọ́ yìí mu?
6. Kọ àròkọ olójú ewé kan lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Ọjà tí ìpolówó rẹ̀ dùn ju lílò rẹ̀ lọ, (b) Òṣìṣẹ́ tí ó tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ nítorí ẹ̀mí àwọn ènìyàn: ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni tàbí olóòótọ́?