Òǹtẹ̀ Lára Ọṣẹ

Ìbéèrè: Ọṣẹ funfun ni mò ń sè nílé fún títà. Bí mo bá tẹ òǹtẹ̀ sí i lára, ṣe ló ń sán. Ṣé òǹtẹ̀ tiẹ̀ pọn dandan? – Ọlọ́ṣẹ, Ajáńgbàdì

Ìdáhùn: Ẹ má pa òǹtẹ̀ tì, àsìkò tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ yí padà. Ọṣẹ tí àdín pọ̀ nínú rẹ̀ tètè máa ń le, kì í sì í pẹ́ sán bó bá ti gbẹ. Bó bá sì rọ̀ jù, yóò lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀: bí ojú ìka bá hàn díẹ̀ láìlẹ̀, ó ti yá nìyẹn. Òǹtẹ̀ rọ́bà tàbí ti igi ló dáa. Sódà tó kù lára ọṣẹ tuntun máa ń jẹ òǹtẹ̀ aluminium.

Àwọn kan á ní òǹtẹ̀ kì í pẹ́ parẹ́ nínú omi. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ọṣẹ tó kan omi rárá ni oníbàárà ti yàn án lórí àtẹ. Lever Brothers, iléeṣẹ́ ọṣẹ tó fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1923, mọ èyí dáadáa: orúkọ Sunlight máa ń wà lára ọṣẹ wọn gan-an nígbà náà. Òǹtẹ̀ kò lè rọ́pò nọ́ńbà NAFDAC o. Ní ti ọṣẹ dúdú, ó rọ̀ jù. Ara ọ̀rá tí ẹ fi wé e ni kí àmì yín wà.