Kí Ló Dé Tí Tẹ̀tẹ̀ Ààtàn Fi Ń Dára Ju Ti Oko Lọ?

Ẹ ti kíyè sí i rí? Tẹ̀tẹ̀ tó lalẹ̀ hù lẹ́bàá ààtàn máa ń tutù, ewé rẹ̀ á fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fún un ní fatiláísà. Èyí tí wọ́n dìídì gbìn sóko ìtòsí ibẹ̀, ewé rẹ̀ á máa pọ́n. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì o. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Ẹ bu erùpẹ̀ oko sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ rọ omi sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yanrìn á ti rọ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, èyí tó kúnná bí èlùbọ́, tí wọ́n ń pè ní silt, á tẹ̀ lé e. Amọ̀ ló ń kẹ́yìn. Ó lè ju ọjọ́ kan lọ kí omi tó tòrò. Ègé ewé àti gbòǹgbò á léfòó sókè. Wọn ò pọ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tí yanrìn bá pọ̀ jù, omi á yára gba inú ilẹ̀ kọjá, á sì gbé oúnjẹ irúgbìn lọ. Tí amọ̀ bá pọ̀ jù, ilẹ̀ á lẹ̀ nígbà òjò, á le gbagidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóòótọ́, amọ̀ lè di pọ̀táṣíọ̀mù àti kálíṣíọ̀mù mú, àmọ́ kaolinite, irú amọ̀ tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ewé tó ti jẹrà di dúdú lè di oúnjẹ mú ní ìlọ́po tó ju 10 lọ. Ó tún ń pa omi mọ́ sínú yanrìn, ó ń jẹ́ kí amọ̀ rọ̀, ó sì ń tú náítírójìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá wò ó: tí a bá dáná sun koríko oko, èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn rẹ̀ á bá èéfín lọ. Eérú á ṣe irúgbìn lóore lọ́dún àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí ì bá di oúnjẹ yẹn mú ti jóná, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Ká tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣá. Àwọn bàbá wa máa ń fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi títí igbó á fi hù padà. Àwa ńkọ́? Ilẹ̀ ò tó mọ́. Fatiláísà tá a sì fowó ńlá rà, àgbàrá lè gbé e lọ nínú ilẹ̀ tí kò lọ́ràá.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá kórè àgbàdo, ẹ má sun pòròpórò rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó jẹrà. Èèpo iṣu àti ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ kó wọn jọ kí wọ́n rà dáadáa kẹ́ ẹ tó lò wọ́n. Ekòló á bá yín ṣe ìyókù.

Ẹ ṣe ìgò méjì lópin ọ̀sẹ̀ yìí: erùpẹ̀ oko nínú ọ̀kan, ti ààtàn nínú èkejì. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ fúnra yín.